Ìbọn Tí Ó Bá Ọwọ́ Mu

Nígbà tí ẹ̀ka wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n rò pé n ó mú wá ni ìjálá tàbí ìtàn àròsọ àwọn ọdẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. N kò ní jìnnà sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdẹ gbé dání ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe ohun tí ó ń sun lẹ́nu.

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001, àwọn kan yìnbọn pa Olóyè Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ ni nígbà náà. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kankan kò tí ì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò náà nígbà náà yóò rántí bí oorun ṣe dá lójú wa. Bí ibọn bá lè wọlé tọ ẹni tí ó ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, kí ni ti olùkọ́ tí kò ní ju ajá kan lọ?

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni aládùúgbò mi kan, bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìwọ tí o mọ ìtàn àwọn ọdẹ, irú ìbọn ìléwọ́ wo ni ó bá àgbàlagbà bí èmi mu? N kò sọ ti olókùúta o. Èyí tí í ki ara rẹ̀ ni mo ń wí." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ìbọn inú ìwé nìkan ni mo mọ̀." Ó ní, "Ìwọ tí o mọ ti inú ìwé sàn ju èmi tí n kò mọ ọ̀kankan lọ."

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, pàápàá ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú rẹ̀: "bá mi mu". Kì í ṣe ìbọn tí ó dára jù ni ó bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí ó ń dún jù. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ti aṣọ àti ti bàtà ni ó fi sọ ti ìbọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, mú mi lọ sí pápá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn. Ó mú ìbọn ìléwọ́ Browning kan jáde, ó yọ àpò ọta kúrò nínú èkù rẹ̀, ó fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè fi ojú ara mi rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ní kí n dì í mú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Èkù ni ó wà lọ́wọ́ mi yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ká a.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀, bí ọta kan bá ti jáde, agbára ìyìn náà fúnra rẹ̀ ni í ti irin òkè sẹ́yìn, tí í ju èèpo ọta tí ó ti jó dànù, tí í sì gbé ọta mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n òmíràn náà kò ní dún àfi bí ayìnbọn bá tún fi ìka fa apátí. John Moses Browning, ará Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èyí tí mo mú lọ́wọ́. Ó kú ní 1926, Dieudonné Saive, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó parí rẹ̀, ó sì jáde ní ìlú Herstal ní 1935. Ọta 13 ni àpò rẹ̀ ń gbà, ní ìlà méjì tí ó wọnú ara wọn. Ohun tí ó mú kí èkù rẹ̀ ki nìyẹn. Ọwọ́ tèmi kéré. Kí ìka mi tó lè dé apátí, àfi kí n yí ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá sì ti yí ọwọ́, ẹnu ìbọn náà yí kúrò níbi tí mo ń wò. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìbọn yìí kì í ṣe tìrẹ."

Nígbà náà ni ó wá kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò rí kà nínú ìwé kankan. Ó ní ọwọ́ ni a kọ́kọ́ ń wò, a kì í kọ́kọ́ wo orúkọ ìbọn. Àlàfo tí ó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbọ́dọ̀ lè gun òkè ẹ̀yìn èkù dáadáa, kí ẹran orí ìka sì tẹ́ lé apátí láìná rí-rí. Ó ní kí n wò ó bóyá àtàǹpàkò mi dé ibi ìdábùú tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì dún. Ó ní kí n fa irin òkè sẹ́yìn fúnra mi. Ìrun irin tí ó wà nínú rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ àgbà tí oríkèé ń dùn kò sì lè fà á. Ó ní àwọn ènìyàn a máa rò pé ìbọn kékeré ni ó rọrùn fún ẹni tí kò lágbára, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́: bí ọta bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìbọn tí ó fúyẹ́ ni í gbá ọwọ́ jù, nítorí pé ìwọ̀n irin ni í gba ìgbákúgbà náà mọ́ra. Ẹni tí kì í fi ìbọn dánra wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kí ó má ṣe ra èyí tí ó ní ìdábùú mẹ́ta. Bí ẹ̀rù bá dé, ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọwọ́ lè ṣe.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mo kọ́kọ́ rò pé kò já mọ́ nǹkan: "Ibo ni o ó ti máa rí ọta?"

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi padà sí inú ìtàn. Nítorí bí ẹ bá bi mí pé kí ni ó pinnu ìbọn tí Yorùbá gbé dání láti nǹkan bí 200 ọdún wá, n ó dáhùn pé ọ̀nà tí ọta ń gbà wọlé ni, àti ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣakabùlà. Òyìnbó a máa fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó ń kó o wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ìbọn gígùn ni, ẹnu ni a sì ti ń ki í. Ayìnbọn yóò da ẹ̀tù sí i, yóò fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́, yóò kó ọta lé e, yóò tún fi nǹkan dí i kí ọta má baà yọ́ jáde. Yóò wá da ẹ̀tù díẹ̀ sí ìdí, kí òkúta tí ó wà lórí irin tó ṣá a, kí iná sì ràn. Bí òjò bá fi lè kán sí ẹ̀tù ìdí yẹn, ìbọn di igi.

Ní 1861, nígbà tí ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Jones lọ wo ibùdó àwọn Ẹ̀gbá, ó sì kọ ìròyìn ohun tí ó rí. Ìwé tí Adé Àjàyí àti Robert Smith ṣe lórí ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní 1964, ni ó jẹ́ kí ìròyìn náà dé ọwọ́ púpọ̀ nínú wa. Lára ohun tí Jones ṣe àkíyèsí ni pé àwọn jagunjagun kì í sábà gbé ìdí ìbọn lé èjìká kí wọ́n tó yìn ín. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan pe èyí ní àìmọ̀kan. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìbọn náà yóò mọ̀ pé olówó pọ́ọ́kú ni, pé ọ̀pá rẹ̀ kò nípọn tó, pé ẹ̀tù tí a ń kì sínú rẹ̀ pọ̀, àti pé ó lè bẹ́ mọ́ni lójú. Ẹni tí ó mú un jìnnà sí ojú mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìbọn ni kò bá èjìká mu. Ènìyàn sì wá ọ̀nà tí ó fi bá ìbàdí mu.

Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn akọ̀wé òyìnbó kì í sábà kà sí. Alágbẹ̀dẹ wa lè tún un ṣe. Bí ọta òjé bá tán, alágbẹ̀dẹ yóò gé irin. Ìbọn tí a lè fi ọwọ́ agbẹ̀dẹ àdúgbò bọ́ ni. Fún ìlú tí ó jẹ́ ibùdó ogun láti nǹkan bí ọdún 1829, tí etíkun sì jìnnà sí, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ má sì rò pé jagunjagun Ìbàdàn ni ó ń yan ìbọn rẹ̀. Olóyè ogun ni í ra ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí bàbá ogun bá rí rà ni ọmọ ogun ń gbé. Ohun tí bàbá ogun sì lè rí rà, ọwọ́ àwọn onílùú tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti òkun ni ó wà. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà rán èrò lọ sí etíkun láti ra ohun ìjà, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì dí. Ní ìlà-oòrùn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ara wọn ti kọ àjẹ̀lẹ̀ Ìbàdàn, dìde. Ogun Kírìjì nìyẹn.

Bí ẹ bá lọ sí òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí lónìí, ẹ ó rí i pé ogun yẹn kì í ṣe ogun tí ènìyàn ń sáré jà. Ibùdó dojú kọ ibùdó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní irú ogun bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá lọ jìnnà ni ó ni ilẹ̀ àárín. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró bọ̀, dá ẹgbẹ́ Èkìtìpàrapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Snider ni olórí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi í ṣe ìbọn ogun wọn láti 1866. Nígbà tí wọ́n gba Martini-Henry ní 1871, Snider di ọjà tí a lè tà fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n lè yin ín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníṣakabùlà ṣì ń fi ọ̀pá tẹ ẹ̀tù. Orúkọ Kírìjì fúnra rẹ̀, ìró ìbọn ni wọ́n ní ó bí i.

Sámúẹ́lì Johnson, tí ó wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì, sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 bí ìbọn yìí ṣe kó ìdààmú bá Ìbàdàn. Ìbàdàn náà wá díẹ̀ kiri, ó sì rí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi ológun. Kátíríìjì Snider kì í ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn lè rọ. Ìbọn tí a ń fi ẹrù Èkó bọ́ ni, ọ̀nà Èkó kò sì ṣí sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ìbọn tí ó bá Ògèdèǹgbé mu kò lè bá Látòósà mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn méjèèjì le bákan náà. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yíyan ìbọn bọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá ogun pẹ̀lú. Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa rẹ́. Wọ́n sì fi òfin de kíkó ìbọn wọ ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù, pàápàá ìbọn ìgbàlódé tí a fín inú ọ̀pá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ìbọn olókùúta tí a kò fín inú rẹ̀, àti ẹ̀tù lásán tí a fi ń ṣòwò. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ènìyàn dúdú má ní ìbọn. Wọ́n yan èyí tí ó pẹ́ kí ó tó dún fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú. Àwọn Ìjẹ̀bú ní Snider lọ́wọ́, wọ́n sì fi í jà gidigidi ní odò Yemoji, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim tí í yìn ara rẹ̀ léraléra ni ó dojú kọ wọ́n.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní èyí ti kọjá, ìjọba òyìnbó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Òfin Ìbọn tí a ṣe ní 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Ìpín kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn, àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún ni ní àṣẹ: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ pátá, títí dé ìbọn ìléwọ́ olókùúta. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ tí a ń ki láti ìdí, èyí tí ọlọ́pàá ń fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Ẹwọ̀n ọdún 10, ó kéré tán, ni ó ń dúró de ẹni tí a bá ká ìbọn ìpín kìíní mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ. Nínú gbogbo ìpín yìí, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti wọn ọwọ́ ọdẹ kan ṣoṣo wò. N kò sọ pé kí a da ìbọn ìléwọ́ sí ìgboro bí ẹ̀pà. Mo ń gbé Ìbàdàn, mo mọ ohun tí ìyẹn yóò dà. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin náà ti ní ìtàn kí ó tó di tiwa.

Àwọn tí òfin fún ní ṣakabùlà náà sì mọ ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà kọ owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nínú igbó, níbi tí a kì í ti í ríran jìnnà, tí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ń dúró de ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìbọn tí ń dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò burú tó bí a ti ń rò. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Owó orí wá já wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ti ìbọn ìléwọ́ ńkọ́? Èyí tí ó lókìkí jù nínú ìtàn ìlú yìí kò tilẹ̀ dún. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹnìkan mú ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ tí Olórí Ìjọba Akíntọ́lá ti gbà sílẹ̀. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká fún un, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ sì dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nínú ìwé ìrántí rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà fún wa. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀, ohun tí ó jọ mí lójú níbẹ̀ ni òwe wa tí ó ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Fún iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà, ìbọn tí ó bá ni mu ni èyí tí ó ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, tí ẹni tí a nà án sí sì lè rí kedere.

Nígbà tí mo ti pápá ìbọn dé, mo lọ bá bàbá aládùúgbò mi. Mo sọ gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi fún un: ọwọ́, ìka, ojú, ìwọ̀n irin. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Oríkèé rẹ̀ ti wú. Ìka ìfábẹ̀lá kò ká dé àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Irin òkè tí èmi fà pẹ̀lú ìnira, òun kò lè fà á rárá. Mo wá sọ ti òfin fún un, àti ti ọdún 10. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, ìbọn wo ni ó kù fún mi?" Mo ní, "Bàbá, ṣakabùlà ni." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò ra ìbọn kankan. Ó fi owó náà ṣe irin sí ojú fèrèsé.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ni ó gba ọdẹ tí ń ṣọ́ wa lóru. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020, nígbà tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Ní 2022, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó ń pariwo pé ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n gbé irú ìbọn tí àwọn ọ̀daràn inú igbó ń gbé. Ìbéèrè bàbá aládùúgbò mi náà ni, ẹnu gómìnà ni ó ti jáde.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, mo gbọ́ fèrè ọdẹ wa ní iwájú ilé, mo sì jáde lọ fún un ní tíì gbígbóná. Ó ti fi ọ̀rá we ìdí ṣakabùlà rẹ̀ níbi tí apátí wà, ó sì fi rọ́bà so ó pinpin kí omi má baà wọ̀ ọ́. Mo bi í bí yóò ti ṣe é bí olè bá yọ lójijì. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ tú ọ̀rá. Mo tún bi í bóyá ìbọn náà bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó wo ìbọn, ó wo mí, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ni wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ rẹ̀."